Ṣé Gbogbo Ẹni Tó Sanra Ni Wọ̀bìà?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í sábà dé orí pẹpẹ ìwàásù, ṣùgbọ́n ó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú, ó sì ti mú kí àwọn kan máa sunkún ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ ara sísan àti ara rírù ni. Kí ló dé tí ẹnì kan ń jẹ ìwọ̀nba tí ó sì ń sanra, tí ẹnì kejì rẹ̀ ń jẹ àjẹyó nígbà gbogbo tí eegun ọrùn rẹ̀ sì ń yọ síta?

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, láti Òró dé Àjàṣẹ́, kò sí ibi tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Bí ìyàwó tuntun bá rù, àwọn ará ilé ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé ará ìta yóò sọ pé ebi ni wọ́n fi ń pa á. Bí ó bá bí ọmọ méjì, tí ara rẹ̀ gbòòrò, àwọn kan náà ni yóò máa sọ pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nínú ìjọ pẹ̀lú, bí a bá kéde àwẹ̀, aláwàdà kan á wo arákùnrin tó sanra, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá wí o!" Ẹ̀rín ni lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, ọfà ni lọ́kàn ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí.

Wọ̀bìà ń bẹ láyé, Ìwé Mímọ́ kò sì fojú rere wò ó. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìtóbi ikùn mọ wọ̀bìà. Ẹlẹ́ran ara tẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ́ wọ̀bìà, ẹni tó sanra sì lè jẹ́ ẹni tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu ju gbogbo wa lọ. Ara tí Ọlọ́run dá ní òfin tirẹ̀ tó ń tẹ̀ lé, ẹni tí kò bá mọ òfin náà yóò máa dá ẹjọ́ tí kò tọ́.

IRÚ INÁ WO LÓ Ń JÓ NÍNÚ ARA?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Oúnjẹ tí a ń jẹ dà bí igi ìdáná fún ara. Ara ń jó o, ó sì ń fi agbára tó tinú rẹ̀ jáde ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní metabolism. Iná inú ara ni àwa yóò máa pè é. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gàrí lọ́jà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí a bá ń kọ ebè tàbí tí a bá ń gún iyán nìkan ni iná yìí ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbára tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná lójúmọ́, ó ju ìdajì lọ dáadáa tí a ń ná lórí wíwà láàyè lásán: ọkàn ń lù, à ń mí, kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, ara ń móoru, àní nígbà tí a bá sùn lọ fọnfọn. Ọpọlọ nìkan, tí kò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀, ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná nígbà ìsinmi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni a fi ń da oúnjẹ. Èyí tó kù ni a fi ń rìn, tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń jó, tí a fi ń pàtẹ́wọ́.

Bí oúnjẹ tó wọlé bá ju èyí tí ara jó lọ, ara kì í dà á nù. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń kó ọkà bàbà sí àká. Ọ̀rá ni àká ara. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ mọ ohun tí àká ń ṣe. Ní àwọn oṣù tí iṣu ọdún tó kọjá ti tán, tí tuntun kò tíì jáde, tí iṣẹ́ oko sì le jù, ohun tó wà nínú àká ni kì í jẹ́ kí ilé tú. Nítorí náà, ọ̀rá kì í ṣe ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìpèsè ni. Ìgbà tí àká bá kún jù ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, orúnkún dídùn.

OHUN MẸ́TA TÍ A Ń SỌ TÍ KÒ RÍ BẸ́Ẹ̀

Èkíní, a máa ń sọ pé iná inú ara ẹni tó sanra ti kú, pé ìdí nìyẹn tí kò fi rù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ń mu epo ju alùpùpù lọ. Ara tó tóbi ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láti fà kiri, ó ní ẹran ara púpọ̀ láti bọ́, ó sì ní ẹrù púpọ̀ láti gbé. Nítorí náà, ẹni tó sanra sábà máa ń jó kálórì ju ẹni tó rù lọ lójúmọ́, kì í ṣe kéré sí i.

Èkejì, a máa ń sọ pé bí ènìyàn bá ti pé ogójì ọdún, iná inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti kó ìwọ̀n àwọn ènìyàn tó lé ní 6,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ títí dé arúgbó ẹni ọdún 95. Wọ́n rí i pé, bí a bá ro ìtóbi ara mọ́ ọn, ọmọ ọdún kan ni iná inú rẹ̀ ń jó jù, ó fi nǹkan bí ìdajì ju ti àgbàlagbà lọ. Láti ìgbà náà ni ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ogún ọdún. Láti ogún títí dé ọgọ́ta, ó dúró síbi kan náà. Lẹ́yìn ọgọ́ta ni ó tún ń dín kù, kò sì pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kí a má ṣe di ẹ̀bi ikùn tó yọ ní ogójì ọdún ru ọjọ́ orí. Ohun tó yí padà ju iná lọ ni ìṣe wa, àwo oúnjẹ wa, àti iṣan ara tí a kò lò mọ́.

Ẹ̀kẹta, a máa ń sọ pé nítorí a kò roko mọ́ ni a ṣe ń sanra, pé ọ̀kadà ló fà á. Ó jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn ìyá tó ń sọ èdè wa, ní Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn tó ti Yunifásítì Ìbàdàn wá jọ ṣe é; Amy Luke, Richard Cooper àti Adebowale Adeyemo wà lára wọn. Wọ́n mú obìnrin 149 níhìn-ín, wọ́n sì mú obìnrin adúláwọ̀ 172 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní omi kan mu, tí wọ́n ti sàmì sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá yẹ ìtọ̀ wọn wò fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n lè ṣírò iye agbára tí olúkúlùkù ń jó nílé rẹ̀ àti lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2009 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ti Nàìjíríà, nǹkan bí méje ni ó sanra jù. Nínú àwọn ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì ni. Ta ni kò ní rò pé àwọn tiwa ń jó agbára ju tiwọn lọ fíìfíì? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro ìtóbi ara mọ́ ìṣirò náà, agbára tí àwọn méjèèjì ń ná lórí ìrìn àti iṣẹ́ kò yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ ni iye agbára tí obìnrin kan ń jó kò sọ bóyá yóò sanra tàbí yóò rù ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2012, irú èsì bẹ́ẹ̀ tún jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn Hadza ní Tanzania, àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ṣọdẹ tí wọ́n sì ń wa gbòǹgbò jẹ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà wọlé jù ni ẹnu tiwa: irú oúnjẹ tí à ń jẹ, àti ìwọ̀n rẹ̀. Kò sọ pé kí a jókòó tẹtẹrẹ o! Ìrìn àti iṣẹ́ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà dáadáa, ó ń mú oorun dùn, kì í sì í jẹ́ kí iṣan gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láti ilé dé ọjà, tó wá mu ẹlẹ́rìndòdò méjì nítorí pé ó ti rìn, ti san gbèsè náà padà kí ó tó délé.

TA NÍ Ń RÁN EBI NÍṢẸ́?

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ́ ọ̀nà, ta ní ń ṣí ẹnu? A ti máa ń rò pé ìfẹ́ inú ènìyàn lásán ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni baálé ilé yìí, ó sì ní àwọn ońṣẹ́ tí ń mú ìròyìn wá bá a láti inú ara.

Ní ọdún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣàwárí ońṣẹ́ kan tí ń ti inú ọ̀rá wá. Wọ́n pè é ní leptin. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ ni pé, "Bàbá, nǹkan ṣì wà nínú àká." Ní ọdún 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní ilẹ̀ Japan rí òmíràn tí ń ti inú ikùn wá, tí wọ́n pè ní ghrelin. Èyí máa ń pọ̀ nígbà tí ikùn bá ṣófo, òun ló ń ké pé, "Ebi ń pa wá!"

Nígbà tí ènìyàn bá rù, leptin á dín kù, ghrelin á pọ̀ sí i. Ọpọlọ kò mọ̀ pé a fẹ́ rù kí aṣọ lè bọ́ sí wa lára. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ìyàn ti mú. Ó wá ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó fi kún ebi, ó sì dín iná kù, bí ìyá tó mọ ìtọ́jú ilé ti ń fa igi díẹ̀ yọ nínú ààrò nígbà tí igi bá ń tán lọ. Nínú ẹlòmíràn tó sanra púpọ̀, leptin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa mọ́. Àká kún, baálé sì ń sùn lọ́wọ́ ebi.

Ẹ gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 kan ní Amẹ́ríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀ láti gbé ìbọn nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn ìjọ tó gbà pé Kristẹni kò gbọdọ̀ jagun. Dípò ogun, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota, kí a lè mọ bí a ó ṣe bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi pa. Láti ọdún 1944 wọ ọdún 1945 ni wọ́n ṣe é. Fún ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí ìdajì oúnjẹ wọn ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Iná inú ara wọn nígbà ìsinmi fi nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rọlẹ̀. Òtútù ń mú wọn, inú ń bí wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Àwọn mìíràn nínú wọn ń kó ìwé ìdáná jọ bí ẹni ń kó owó. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa jẹun bí ó ti wù wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ débi pé ọ̀rá ara wọn wá ju ti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará, ṣé wọ̀bìà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn? Ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí? Rárá o! Ara ló ń gba ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn 14 kan bá ara wọn díje lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà láti rù kíákíá. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí èsì tó jáde ní ọdún 2016, iná inú ara wọn ṣì fi nǹkan bí 500 kálórì lójúmọ́ kéré sí ohun tó yẹ kó jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ti tún sanra. Nítorí náà, bí ẹ bá rí arábìnrin tó rù lẹ́ẹ̀kan tó tún sanra padà, ẹ má ṣe sọ pé kò ní ìpinnu. Ó ń ja ìjà tí ẹ kò rí.

OÚNJẸ KAN NÁÀ, ARA Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Igbó-Ọrà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ó dára, nítorí pé àwọn ìbejì ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Kánádà ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìbejì méjìlá-méjìlá jọ, ọ̀dọ́kùnrin 24 ní àpapọ̀, àwọn tó jọ ara wọn bí imú ẹni kan. Wọ́n fún olúkúlùkù ní 1,000 kálórì lé orí oúnjẹ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, títí ọjọ́ 100 fi pé. Ọdún 1990 ni èsì jáde. Ẹni tó sanra kéré jù fi kílò mẹ́rin lé díẹ̀ kún ara rẹ̀. Ẹni tó sanra jù fi kílò mẹ́tàlá lé díẹ̀ kún un. Oúnjẹ àfikún kan náà! Ṣùgbọ́n Táíwò àti Kẹ́hìndé jọra wọn: bí ọ̀kan bá sanra púpọ̀, èkejì rẹ̀ náà ń sanra púpọ̀, ibi tí ọ̀rá sì ń dúró sí lára àwọn méjèèjì jọra.

Ó yé wa, àbí? Bí a ṣe ń pín àwọ̀ àti gíga láti ọ̀dọ̀ òbí, bẹ́ẹ̀ ni a ń pín bí ara ti ń tọ́jú ọ̀rá. Ẹni tó rù kò gbọdọ̀ fi rírù rẹ̀ yangàn bí ẹni pé ìwà mímọ́ ni.

OÚNJẸ TÍ Ń TAN ARA JẸ

Ṣé nígbà náà kò sí ohun tí a lè ṣe? Ó wà. Kò sí ẹni tó lè yí ẹ̀jẹ̀ tó bí i padà, ṣùgbọ́n a lè yí ohun tí ń bẹ nínú àwo padà. Gẹ́gẹ́ bí èsì tó jáde ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 20 sí ilé ìwòsàn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ ilé-iṣẹ́, èyí tí a ti pò, tí a ti kó àdùn sí, tí a ti wé sínú ọ̀rá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí a sè láti inú ohun oko. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn nínú oúnjẹ méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ títí wọn yóò fi yó. Nígbà oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bí 500 kálórì lé sí i lójúmọ́, láìmọ̀. Wọ́n fi nǹkan bí kílò kan sanra. Nígbà oúnjẹ oko, nǹkan bí iye kílò kan náà ló kúrò lára wọn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń jẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Nígbà kan, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, ẹ̀wà ni, iṣu sísè ni, wàrà àwọn Fúlàní ni. Lónìí, bísíkíìtì ni, indomie ni, ẹlẹ́rìndòdò ni. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50 sẹ̀ǹtílítà kan, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ní ṣúgà tó ju ṣíbí ìpo-tíì mẹ́wàá lọ. Omi tó dùn kì í sì í pa ebi bí oúnjẹ tí a fi eyín jẹ.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN OÒGÙN OJÚ Ọ̀NÀ

A mọ arábìnrin kan tí wọ́n ń fi rírù rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà nílé ọkọ. Ó lọ ra oògùn ìsanra lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, gbogbo ènìyàn ní ìyàwó ti gba ìtọ́jú. Nígbà tí oògùn tán, tí kò rówó ra òmíràn, àárẹ̀ dé, èébì dé, ó sì dákú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mọ̀ pé dexamethasone ló ti ń gbé mì. Oògùn rere ni lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bí a bá sì lò ó pẹ́ tí a dá a dúró lójijì, ara tó ti gbàgbé iṣẹ́ tirẹ̀ lè wó lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ arábìnrin náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní cyproheptadine pẹ̀lú, oògùn ara yíyún ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń fi kún ebi, ó sì ń kun ènìyàn lóorun.

Bákan náà ni tíì ìrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ewé tí ń yàgbẹ́ lọ, ẹbí àsúnwọ̀n tí àwọn ìyá wa mọ̀. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń kó jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Òtítọ́ ni pé àwọn abẹ́rẹ́ tuntun wà báyìí, bíi semaglutide, tí ń ṣe bí ońṣẹ́ tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ ọjà. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ẹ̀rí sí ohun tí à ń sọ: bí abẹ́rẹ́ bá lè pa ebi ẹni tí wọ́n ń pè ní wọ̀bìà, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ebi náà ti ń wá.

ÌGBÀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ SÍLÉ

Bí ẹnì kan bá ń jẹun dáadáa tó sì ń rù, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ooru ń mú un ju ẹlòmíràn lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, ló ń ko iná pọ̀ jù. Bí ó bá ń jẹun, tó ń mu omi púpọ̀, tó ń tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tó sì ń rù, àtọ̀gbẹ lè ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn HIV náà ń mú ènìyàn rù. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tó ń sanra, tí òtútù ń mú, tí ó ń rẹ̀ nígbà gbogbo, lè ní ẹ̀yà ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè yẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ẹ má ṣe máa sọ pé ayé ló ń jẹ ẹ́ kí ẹ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lọ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ pẹ̀lú ohun tí ń pẹ́ nínú: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú. Kí iyán wá tẹ̀ lé e, kí òkèlè sì dín kù. Iyán kì í ṣe ọ̀tá wa. Òkè iyán ni.

2. Omi ni kí a fi pa òùngbẹ. Kí ẹlẹ́rìndòdò di ti ọjọ́ ọdún.

3. Kí a má ṣe fi àwẹ̀ Olúwa wá ara tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ̀n tó ń lọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá sì ń já àwẹ̀, kí a fi ohun fúyẹ́ já a, kí a sinmi díẹ̀, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbààwẹ̀.

4. Kí a máa sùn tó. Àìsùn ń fi kún ebi lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru, kí a wá àyè sùn, kí a má ṣe fi búrẹ́dì àti tíì dí oorun.

5. Kí a máa rìn, kí a máa gbé nǹkan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí iṣan má baà gbẹ. Iṣan ń jó oúnjẹ ju ọ̀rá lọ.

6. Ẹ fi okùn télọ̀ wọn ikùn yín. Bí ti obìnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, tàbí ti ọkùnrin ju 102 lọ, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà yín wò.

7. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa rù. Ẹni tó wọn 90 kílò kò ní láti di 60 kí ara rẹ̀ tó dá. Bí ó bá lè sọ kílò márùn-ún kalẹ̀ tí kò tún gbé e, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

8. Kí a pa ẹnu wa mọ́ lórí ara ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin aláwàdà inú ìjọ, ẹ gbọ́. Ìtìjú kò mú ẹnikẹ́ni rù rí. Ó ń mú wọn fi oúnjẹ pamọ́ jẹ, ó sì ń lé wọn lọ sọ́dọ̀ olóògùn ojú ọ̀nà.

Ẹni tí a kò mọ iye ebi tó ń bá jà, kí a má ṣe dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ara wa bí ilé tí Olúwa fi wá ṣe alágbàtọ́, kí a sì máa bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Kí Olúwa fún olúkúlùkù wa ní ìlera pípé, kí ó bùkún oko wa, àwo wa àti oorun wa. Ó dìgbà kan ná. Àlàáfíà.